Sẹ́ẹ̀lì Àwẹ̀ró

Ìbídùn ti fa oúnjẹ àná kúrò nínú ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Kò dáhùn. Ẹni tó bá ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín, nítorí ìgò tí omi rẹ̀ bá gbẹ kì í dúró de àlejò. Ó fi ọ̀pá dígí fa oúnjẹ tuntun, omi pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sì jẹ́ kó máa ṣàn wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń rọ ẹ̀kọ fún ọmọ ìkókó.

"Mà, èmi ni o," ni ohùn kan wí láti ìta. "Akínlàjà ni."

"Mo gbọ́. Dúró."

"Mi ò dá wá, mà."

"Kí ẹnì kejì rẹ náà dúró."

Ó dé ìgò náà lórí, ó gbé e lọ síwájú àpótí ìtọ́jú. Àpótí náà ga tó ènìyàn. Inú rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ara alààyè, tọ̀sán tòru.

"Ta là ń wò?" ni àpótí béèrè.

"Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró ọmọ Olúmokùn. A ti dé o."

Àpótí ṣílẹ̀kùn. Ìbídùn to ìgò náà mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó fọ ọwọ́, ó nu ún. Lẹ́yìn náà ló lọ ṣí ilẹ̀kùn ìta.

Akínlàjà ló dúró níbẹ̀ nínú aṣọ eléérú Ìgbìmọ̀ Ìlera. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó gbé garawa irin kan tó ní ìdérí dání, ìléru tí wọ́n fi ń jó nǹkan. Ẹnì kejì rẹ̀ so kọ́ ọ léjìká bí rédíò ayé àtijọ́. Adájọ́ ni, ẹ̀rọ tó ń dá ẹjọ́.

"Ẹ kú ọ̀sán o, ìyá," ni Adájọ́ wí.

Ìbídùn kò dá a lóhùn. Ó mọ òfin. Adájọ́ kò gbọdọ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí kò bá tíì dáhùn ìkíni rẹ̀. Àwọn àgbà Ìlú Àtúntẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kó o wọ̀lú. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí kò mọ ìkíni, báwo ni yóò ṣe mọ ẹ̀tọ́?

"Wọlé, Kọ̀ǹkọ̀," ló wí fún Akínlàjà.

"Mà, mo ti ní ọmọ-ọmọ."

"Kọ̀ǹkọ̀ náà ń ní ọmọ-ọmọ."

Akínlàjà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wà ní kíláàsì Ìbídùn, òun ló jẹ́ kí kọ̀ǹkọ̀ tí wọ́n fẹ́ là fò mọ́ ọn lọ́wọ́. Kọ̀ǹkọ̀ náà wọ inú yàrá àwọn olùkọ́, ó bà lé abọ́ oúnjẹ ọ̀gá ilé-ìwé. Orúkọ náà kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ó gbé garawa irin kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò gbé e wọlé dé àárín yàrá. Ìbídùn rí ìyẹn, ó sì kà á sí ọ̀wọ̀.

"Ẹ ò tíì dá a lóhùn, mà."

"Ọwọ́ mi dí."

"Ẹ mọ ohun tó gbé mi wá."

"Mo rí ìléru rẹ."

Akínlàjà jókòó lórí àga gíga tí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń jókòó lé nígbà kan. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í wá síbẹ̀ mọ́. Akoto ni wọ́n ń dé sórí, akoto náà ní ń fi inú ọ̀pọ̀lọ́ hàn wọ́n, ọwọ́ wọn kì í tutù.

"Jẹjẹrẹ ti parí, mà," ó wí. "Ìgbìmọ̀ ti kéde rẹ̀. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ di ilé ìkàwé. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lára rẹ̀ nínú ìgò, jíjó ni, kó má baà tún jáde."

"Mo kà á."

"Tiyín nìkan ló kù."

"Mo ka ìyẹn náà."

Ìbídùn pe orúkọ fún àpótí, ó mú ìgò kan jáde. Ó sì mú ẹ̀gbà ọwọ́ kan lórí tábìlì, ẹ̀gbà tuntun, irú èyí tó wà lọ́wọ́ Akínlàjà àti lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn ìlú náà, tó ń sọ bí ara wọn ti rí. Ó gbé ẹ̀gbà lé ìgò. Iná aláwọ̀ ewé tàn lára rẹ̀.

"Àlàáfíà ni," ni ẹ̀gbà wí.

"Wá wo ibí," ni Ìbídùn wí. Ó ti ìgò náà sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá.

Akínlàjà tẹ̀ba, ó fojú kan awò. Ojú rẹ̀ ti gbàgbé díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé. Ó yí ọwọ́ awò títí ohun tó wà nísàlẹ̀ fi mọ́ gaara. Sẹ́ẹ̀lì tó dára máa ń tẹ́ ara rẹ̀ bí ẹní, nígbà tó bá kan ẹgbẹ́ rẹ̀, á dúró. Èyí kò dúró. Wọ́n gun ara wọn lórí, wọ́n dà bí èrò tó ń wọ́ lu ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo.

"Jẹjẹrẹ ni," ló wí.

"Tíṣà kọ́ ẹ dáadáa."

"Ẹ fi hàn Ìgbìmọ̀?"

"Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n ní bí ẹ̀gbà bá ti wí pé àlàáfíà ni, a jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì mi ni kò mọ ohun tó ń ṣe."

"Ohun tí ẹ̀gbà kò bá rí, mà…"

"Kò sí. Mo gbọ́. Afọ́jú kò rí òṣùpá rí, òṣùpá sì ń ràn."

Ó fi ìgò kékeré kan hàn án lórí pẹpẹ, aró dúdú wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́ ni. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe rẹ gbogbo sẹ́ẹ̀lì, rere àti búburú, kò mọ ọ̀tọ̀. Ó tún un ṣe. Aró yìí gbọdọ̀ rẹ irú jẹjẹrẹ tí ẹ̀gbà kò rí, kó sì fi èyí tó dára sílẹ̀ ní funfun.

"Ó ti ṣetán?"

"Ó kù kí n dán an wò lára èyí tó wà láàyè, tí mo mọ̀ dájú pé òun ni, ìyẹn kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Aró tí a kò tíì dán wò, omi lásán ni."

Akínlàjà wo àpótí. Ó wo Adájọ́ tó wà léjìká rẹ̀. Ó bọ́ fìlà, ó fi bo etí Adájọ́, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Mà, Òfin Orúkọ wà."

"Ti àwọn tó ń sunkún nítorí ẹ̀rọ ilé wọn?"

"Òun náà ni. Ohunkóhun tí ènìyàn bá ti ń pe lórúkọ lójoojúmọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, tí ẹ̀rọ kan sì lè jẹ́rìí sí i, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa á run láìjẹ́ pé ó dé ilé ẹjọ́ ńlá. Ilé ẹjọ́ ńlá kì í tètè jókòó. Àpótí yín á jẹ́rìí. Gbólóhùn kan ni ẹ máa wí. Wọ́n á bi yín pé ta ló wà nínú àpótí. Kí ẹ sọ pé Àwẹ̀ró ni."

"Àwẹ̀ró kú."

"Mo mọ̀ pé ó kú, mà. Òun ló kọ́ mi ní ìṣirò. Ìka mi ṣì mọ rúlà rẹ̀."

Ìbídùn mú ìgò kúrò lábẹ́ awò. Ó gbé ìgò padà sínú àpótí.

Kíláàsì Àwẹ̀ró ló kángun sí ti Ìbídùn ní ilé-ìwé etí òkun, kí òkun tó gba ibẹ̀. Àwẹ̀ró ń kọ́ ìṣirò, òun ń kọ́ bàọ́lọ́jì. Ní àárọ̀, tíṣà ni Ìbídùn. Ní ọ̀sán, ó máa ń ti ara rẹ̀ mọ́ inú yàrá ìkóǹkansí tó ti sọ di yàrá ìwádìí, á máa wo jẹjẹrẹ. Àwọn tíṣà ní kì í ṣe tíṣà gidi. Àwọn olùwádìí ní tíṣà ni. Kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Àwẹ̀ró nìkan ló máa ń gbé oúnjẹ wá bá a níbẹ̀, á jókòó lórí àpótí ṣọ́ọ̀kì, á ní, "Ọ̀rẹ́ mi, kí ni wọ́n wí lónìí?" bí ẹni pé sẹ́ẹ̀lì ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbà dé, Àwẹ̀ró wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Àlàáfíà ni ẹ̀gbà ń wí títí di ọjọ́ tí kò lè gbé apá sókè kọ̀wé sí ojú pátákó mọ́. Wọ́n gé kókó jẹjẹrẹ tó wà ní abíyá rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Àwẹ̀ró ní kí wọ́n gbé ìdajì rẹ̀ fún Ìbídùn. "Gbà á," ló wí. "Fi kọ́ àwọn ọmọ. Má fi ṣe ọ̀ṣọ́." Kò rí ọyẹ́ ọdún náà. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Òkun gba ilé, ó gba sàréè.

Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò kú. Ìbídùn fi ń kọ́ àwọn ọmọ bí ó ṣe ní kó ṣe. Ní ọjọ́ kan ó bá ọmọ kan tó fi ìgò náà ti ilẹ̀kùn kó má baà pa dé. Kò na ọmọ náà. Ó kọ́ àpótí ní orúkọ ni. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tí kò bá pe orúkọ ẹni tó fún wọn, àpótí kò ní ṣí fún un. Gbogbo ọmọ tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá ló pe orúkọ náà. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ló máa ń kọ sójú pátákó ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà: *Sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ènìyàn.* Àwọn ọmọ a bi í pé, tíṣà, kí ló dé tá a fi ń pè é nígbà náà? Á ní, "Kì í ṣe pé ẹ̀ ń kí i. Ẹ̀ ń dúpẹ́ ni."

Wọ́n tún kan ilẹ̀kùn. Akínlàjà mú fìlà kúrò lórí Adájọ́.

"Ẹbí nìyẹn," ló wí. "Òfin ní kí ẹnì kan wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń jó o. Mo ránṣẹ́ sí ọmọ Àwẹ̀ró."

Ṣẹ̀gilọlá wọlé. Ó ti ju àádọ́ta ọdún lọ, ó sanra díẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì gùn gbọọrọ bíi ti ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Ìbídùn. Ìbídùn gbé e dìde. Wọn kò rí ara wọn láti ọjọ́ tí Ṣẹ̀gilọlá wá béèrè, lẹ́yìn tí òkun ti gba sàréè, pé ṣé òótọ́ ni ohun táwọn èèyàn ń sọ, pé ìyá òun ṣì wà nínú àpótí kan. Ìbídùn dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Rárá. Ìyá rẹ kò sí níbí. Sẹ́ẹ̀lì ni." Ọmọ náà lọ, kò padà wá.

"Ẹ kú ọ̀sán, mà," ni Adájọ́ wí fún un.

Ṣẹ̀gilọlá la ẹnu. Ìbídùn di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má tíì dáhùn. Wá bá mi gbé omi."

Ó mú un lọ sẹ́yìn, síbi ẹ̀rọ omi. Wọ́n dúró níbẹ̀. Kò sí omi tí wọ́n fẹ́ gbé.

"O rù," ni Ìbídùn wí.

"Èmi tí mo sanra báyìí?"

"Ọrùn rẹ rù."

Ṣẹ̀gilọlá wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá Akínlàjà ń bọ̀. "Màmá, mo ní kókó kan," ló wí. "Abíyá ni. Ẹ má jẹ́ kí Adájọ́ yẹn gbọ́. Wọ́n ń mú ẹni tó bá fẹ̀sùn kan ẹ̀gbà."

"Kí ni ẹ̀gbà rẹ ń wí?"

Ṣẹ̀gilọlá na ọwọ́. Iná aláwọ̀ ewé wà lára ẹ̀gbà náà, ó mọ́lẹ̀ rokoso.

"Àlàáfíà," ni ẹ̀gbà wí.

Ìbídùn wo iná náà pẹ́. Ó ti rí i rí lọ́wọ́ mìíràn.

"Mo ní aró kan," ló wí. "Òun ló lè sọ bó bá jẹ́ irú ti ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ. Sẹ́ẹ̀lì ìyá rẹ tó wà láàyè ni mo fẹ́ fi dán an wò."

"Àwọn tí wọ́n fẹ́ jó yìí?"

"Àwọn náà ni."

"Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe?"

"Ó wà. Kí n sọ fún Adájọ́ pé ìyá rẹ ló wà níbẹ̀."

Ṣẹ̀gilọlá kò gbójú sókè. "Ẹ sọ fún mi pé kò sí níbẹ̀. Mo sunkún títí mo fi dé ilé. Lẹ́yìn náà mo sùn. Mi ò tíì sùn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó kú."

"Mo mọ̀."

"Tí ẹ bá wá sọ pé ó wà níbẹ̀ báyìí, èwo ni kí n gbà?"

Ìbídùn pa omi tí kò ṣí. Ó padà sínú yàrá, ó dúró níwájú Akínlàjà, ó sì kọjú sí ẹ̀rọ tó wà léjìká rẹ̀.

"Kú ọ̀sán," ló wí fún un, bí àgbà ṣe ń kí ọmọdé.

"Ẹ ṣeun, ìyá," ni Adájọ́ wí. "Ìbéèrè kan ni mo ní. Àpótí jẹ́rìí pé ẹ̀ ń pe orúkọ kan láràárọ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ta ló wà nínú àpótí yìí?"

Akínlàjà ń wo àjà. Ṣẹ̀gilọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó fi apá mọ́ ìhà bí ẹni tí òtútù ń mú.

"Sẹ́ẹ̀lì ni," ni Ìbídùn wí. "Kò sí ènìyàn níbẹ̀."

"Ẹ mọ ohun tí ìdáhùn yẹn máa mú wá?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ń pe orúkọ?"

"Ìdúpẹ́ ni."

"Ìdúpẹ́ kò sí nínú Òfin Orúkọ," ni Adájọ́ wí. "Ẹ jó o."

Akínlàjà mí kanlẹ̀. "Mà, gbólóhùn kan ṣoṣo ni."

"Bí mo bá purọ́ nípa ohun tó wà nínú ìgò lónìí," ni Ìbídùn wí, "ta ni yóò gba ohun tí aró mi bá wí lọ́la?"

Akínlàjà lọ gbé garawa irin náà. Ó ti ń ṣí ìdérí rẹ̀ nígbà tí Ṣẹ̀gilọlá rìn wọ àárín yàrá.

"Adájọ́, ẹ kú ọ̀sán," ló wí.

"Ẹ ṣeun, mà."

"Ìyá mi kú, àbí kò kú?"

"Ó kú."

"Ta ló ni òkú?"

"Ẹbí ló ni òkú."

"Bí wọ́n bá sin òkú, tí apá kan lára rẹ̀ ṣẹ́ kù síbì kan tí wọn kò sin ńkọ́?"

"Ti ẹbí náà ni, títí wọn á fi sin ín."

"Ìjọba lè jó o?"

"Ìjọba kì í jó òkú olóhun."

"Ó dáa," ni Ṣẹ̀gilọlá wí. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì jókòó lórí àga gíga. "Mo wá gba òkú ìyá mi."

Iná kékeré kan ń ṣẹ́jú lára Adájọ́. Akínlàjà fi ìdérí garawa sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ.

"Ìyá," ni Adájọ́ wí fún Ìbídùn, "nínú àwọn ìgò yìí, èwo ló jáde láti ara olóògbé?"

Ṣẹ̀gilọlá wò ó. Akínlàjà wò ó. Ojú wọn ń bẹ̀ ẹ́.

"Èyí tó wà nínú àpótí, kò sí ọ̀kankan," ló wí. "Ibí la bí gbogbo wọn sí. Sẹ́ẹ̀lì ń pín sí méjì, méjì náà ń pín. Èyí tó jáde lára Àwẹ̀ró ti pín tán tipẹ́."

Ṣẹ̀gilọlá sọ orí kodò.

"Ṣùgbọ́n ìgò kan wà nínú ìkòkò òtútù," ni Ìbídùn wí. "Kò tó ìka ọmọ. Bó ṣe ti ilé ìwòsàn dé ni mo ṣe rì í sí òtútù. Sẹ́ẹ̀lì inú òtútù kì í pín. Tẹ́lẹ̀, wọ́n pọ̀. Nígbà tí a ń sá fún òkun, iná kú lójú ọ̀nà, àwọn yòókù bàjẹ́. Ẹyọ kan yẹn ni mi ò ṣí rí, torí mi ò ní òmíràn."

"Ó ṣì dára?" ni Ṣẹ̀gilọlá béèrè.

"Mi ò mọ̀. A kì í mọ̀ títí a ó fi ṣí i."

"Èyí tó wà nínú òtútù, òkú ni, ti ẹbí ni," ni Adájọ́ wí. "Àwọn tó wà nínú àpótí kì í ṣe òkú, wọn kì í sì í ṣe ènìyàn. Ẹ jó wọn. Mà, ìgbà wo ni ìsìnkú?"

"A máa kọ́lé ná," ni Ṣẹ̀gilọlá wí.

"Ilé wo?"

"Tiwa ti wọ inú òkun. Ṣé ilé onílé ni kí n ti sin ìyá mi? A máa ra ilẹ̀. A máa kọ́ ọ, a máa bò ó lórí, a máa kùn ún. Àbúrò mi ọkùnrin wà lókè òkun, kò tíì rí ìwé gbà. A kì í sin ìyá lẹ́yìn àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin."

"Ìgbà wo ni ilé náà máa parí?"

"Adájọ́, ṣé ẹ ti kọ́lé rí?"

Akínlàjà yí ojú sí ògiri. Ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀.

"Wọ́n tẹ́ bàbá tèmi sí mọ́ṣúárì títí a fi kan òrùlé," ló wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n mi tún ní kò sí ọgbà níwájú ilé."

"Òfin fún ẹbí láyè láti múra," ni Adájọ́ wí. "Kò dá ọjọ́ fún wọn. Ta ni yóò máa tọ́jú òkú?"

"Ọ̀rẹ́ rẹ̀," ni Ṣẹ̀gilọlá wí, ó sì fi ojú tọ́ka sí Ìbídùn. "Nígbà tó bá tó àkókò, òun náà ni kó wẹ̀ ẹ́. Bó bá fẹ́ kó jẹ́ lónìí, kó jẹ́ lónìí."

"Ìwẹ̀ òkú kò sí lọ́wọ́ ilé ẹjọ́. Ó dàbọ̀ o."

Iná ara Adájọ́ kú.

Ìbídùn fúnra rẹ̀ ló kó àwọn ìgò náà jáde. Àpótí bi í pé ta là ń wò, ó sì dá a lóhùn bó ṣe máa ń dá a lóhùn. Ó ń gbé wọn fún Akínlàjà lọ́kọ̀ọ̀kan, Akínlàjà ń fi ọwọ́ méjèèjì gbà á bí ẹni ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ìléru náà kò pariwo. Ó ń rùn bíi ṣúgà tó jó sí ìdí ìkòkò. Nígbà tí wọ́n parí, Akínlàjà dé e, ó dọ̀bálẹ̀, aṣọ eléérú rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Mà, mi ò rí nǹkan kan lẹ́yìn èyí," ló wí.

"Máa lọ, Kọ̀ǹkọ̀. Kí ìyàwó rẹ."

Nígbà tó lọ tán, Ìbídùn bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́. Ó wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ó ṣí ìkòkò òtútù. Èéfín funfun jáde, ó bo ẹsẹ̀ wọn. Ó fa ìgò kékeré náà yọ, ó rì í sínú omi, ó ń mì í pẹ̀lẹ́ títí yìnyín inú rẹ̀ fi yọ́. Oògùn tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì nínú òtútù máa ń pa á bó bá ti móoru. Kíá ló gbọdọ̀ wẹ̀ ẹ́ kúrò. Ó wẹ̀ ẹ́, ó tún un wẹ̀, ó dà á sínú àwo, ó fún un lóúnjẹ, ó gbé e wọ àpótí.

"Ṣé yóò yè?" ni Ṣẹ̀gilọlá béèrè.

"Mi ò mọ̀. Bọ́ ẹ̀wù rẹ."

"Màmá, òfin ní ọwọ́ ènìyàn kò gbọdọ̀ yẹ ara ènìyàn wò."

"Mo gbọ́."

Ṣẹ̀gilọlá bọ́ ọ. Ìbídùn fi ìka kan kókó náà. Ó le, kò sì yí nígbà tó tì í. Ìbídùn fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ fa díẹ̀ níbẹ̀, Ṣẹ̀gilọlá sì fi eyín mú ìka ara rẹ̀ títí abẹ́rẹ́ fi jáde. Ìbídùn dà á sínú àwo mìíràn, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá rẹ̀.

"Kí ni ẹ rò?" ni Ṣẹ̀gilọlá béèrè.

"Èrò mi kò wúlò fún ẹ. Ti ìyá rẹ ni aró máa kọ́kọ́ kàn. Bó bá mọ̀ ọ́n, a ó fi kan tìrẹ."

Ṣẹ̀gilọlá sùn sínú yàrá náà, lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Ní àárọ̀, ó bá Ìbídùn lórí ìdúró. Àwo ti wà lábẹ́ awò. Aró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tíì ṣí i.

"Wọ́n kú?"

"Wò ó."

Ṣẹ̀gilọlá kò wo inú awò rí láyé rẹ̀. Ìbídùn gbé orí rẹ̀ sí ààyè tó tọ́, bó ṣe máa ń ṣe fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Pàǹtírí funfun ni Ṣẹ̀gilọlá kọ́kọ́ rí, ó ń léfòó káàkiri, kò lẹ̀ mọ́ ohunkóhun. Ìbídùn ti àwo náà lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé etí rẹ̀.

"Ẹ dúró níbẹ̀," ni Ṣẹ̀gilọlá wí. "Màmá, ṣé òun nìyẹn?"

"Rárá," ni Ìbídùn wí. "Sẹ́ẹ̀lì ni."

"Ó dáa."

Ṣẹ̀gilọlá kò gbé ojú kúrò níbẹ̀. Ìbídùn fa omi tó wà lójú àwo, ó da òkú sẹ́ẹ̀lì tó ń léfòó nù pẹ̀lú rẹ̀, ó sì da oúnjẹ tuntun sí i, kí èyí tó kù lè pọ̀ tó fún aró. Ìdì kan tó wà láàyè ló kù létí àwo, ó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, kò ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ.